‘Kí Ló Ń Ṣe Ọ́?’: Lámèyítọ́ lórí Èdè Tí A Fi Ń Gbọ́ Ìnira Akẹ́kọ̀ọ́ ní Adó-Èkìtì

Ìfáàrà

Adó-Èkìtì ti di ìlú akẹ́kọ̀ọ́. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1982, wà ní ojú ọ̀nà Ìwórókó. Politẹ́níìkì Ìjọba Àpapọ̀ wà nínú ìlú kan náà, Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá sì dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 2009. Adó ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ tí tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ń fi iye ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti ibẹ̀ jáde yangàn. Ìyangàn yìí ní iye tí wọ́n ń san lé e. Níbi tí ìwé kíkà ti jẹ́ ogún ìdílé, kì í ṣe máàkì nìkan ni ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò pàdánù. Ojú bàbá àti ìyá ń tì í, ojú ẹbí tó yá owó nítorí rẹ̀ sì ń tì í pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan tó lè ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga èyíkéyìí ní àsìkò ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ bá nọ́ọ̀sì, ó ní: ‘Ẹ káàárọ̀, mà. Orí mi ń gbóná. Bí mo bá ṣí ìwé, kò wọlé. Àyà mi sì ń já ṣáá.’ Nọ́ọ̀sì náà gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni fáìlì ń sọ. Gbólóhùn mẹ́ta yẹn di ọ̀rọ̀ méjì lórí ìwé: ẹ̀fọ́rí àti ibà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n fún un ní Paracetamol, wọ́n ní kó lọ sinmi. Àyẹ̀wò ibà kò burú ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí. Ohun tó burú ni pé ìdajì ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ kò dé inú fáìlì.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé inú gírámà ni ìdajì tó sọnù yẹn wà. Bí Yorùbá ṣe ń to ẹ̀yà ara, ọ̀rọ̀-ìṣe àti ènìyàn pọ̀ nínú gbólóhùn ń sọ irú ìnira tó wà nílẹ̀, ó ń sọ bó ṣe le tó, ó sì ń sọ bí ojú ṣe ń ti ẹni tó ń sọ ọ́ tó. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti wá orúkọ fún ìnira yìí, àwọn atúmọ̀ èdè náà sì ti wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò dúró fún un. Gbólóhùn gan-an ni àwọn méjèèjì fojú fò.

Aró àti orúkọ tí wọ́n fún orí gbígbóná

Kì í ṣe òní ni akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí gbígbóná lọ bá dókítà. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní ọdún 1960 lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Orí wọn ń gbóná tàbí kí ó dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Ojú wọn ń ṣú bí wọ́n bá ń kàwé, ohun tí wọ́n kà kò yé wọn mọ́, àárẹ̀ wọn kò sì lọ bí wọ́n tilẹ̀ sinmi. Prince pe àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ ní ‘brain fag’, orúkọ tó gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn. Àlàyé tó ṣe ni pé ẹ̀kọ́ òyìnbó ń béèrè pé kí ènìyàn dá jókòó, kó dá kàwé, kó dá yege, bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí wá láti àwùjọ tí a ti ń ṣe nǹkan pọ̀.

Àlàyé yìí lọ́gbọ́n nínú, ṣùgbọ́n ó sọ ìnira di ẹrù àṣà. Nígbà tó di ọdún 1980, Morakinyo, onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ ní Ilé-Ifẹ̀, fi ojú mìíràn wò ó: ìtara àṣejù láti yege, àìsùn, àti àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò láti lé oorun lọ. Ní ọdún 2015 ni Ayonrinde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá rán àwọn òǹkàwé létí pé gbólóhùn ‘brain fag’ gan-an kì í ṣe ọmọ Áfíríkà. Wọ́n ti ń lò ó ní ilẹ̀ Bìrìtìkó ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún fún àwọn tó lo ọpọlọ wọn kọjá agbára. Ohun tí ìwé ìṣègùn kà sí àrùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ jẹ́ ẹ̀wù àlòkù tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé.

Ìwé atọ́nà àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, DSM, fi orúkọ náà sínú àtòjọ àwọn àìsàn tí wọ́n kà sí ti àṣà kan pàtó nínú ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ ní ọdún 1994. Nígbà tí ẹ̀dà karùn-ún jáde ní ọdún 2013, kò ní àyè tirẹ̀ mọ́. Ohun tó kù ni ìtọ́ka kan lábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn Shona ilẹ̀ Zimbabwe. Orúkọ wọlé, orúkọ jáde. Orí gbogbo àríyànjiyàn yìí kò kúrò lórí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì. ‘Orí mi ń gbóná’ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò rí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ gbà.

A kò gbọ́dọ̀ tìtorí èyí rẹ Aró sílẹ̀. Láti ọdún 1954 ni T. A. Lambo ti ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí ilé-ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú ẹbí tó ń tọ́jú wọn, tó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Aró mọ̀ pé ilé, oúnjẹ àti ẹbí wà lára ìwòsàn. Ó yẹ kí èdè náà wà lára rẹ̀.

Gírámà ìnira

Ìbéèrè tí Yorùbá máa ń bi aláìsàn ni ‘Kí ló ń ṣe ọ́?’ Bí ó bá jẹ́ àgbà, ‘Kí ló ń ṣe yín?’ Ẹni tí a bi ní ìbéèrè yìí kì í ṣe olùwà nínú gbólóhùn náà, àbọ̀ ni. Nǹkan kan ló ń ṣe é. Ìdáhùn náà máa ń tẹ̀ lé ìlànà yìí: orí ń fọ́ mi, inú ń run mí, òtútù ń mú mi, ó rẹ̀ mí. Bí ‘mi’ kò bá jẹ́ àbọ̀, ẹ̀yà ara ni yóò ṣe olùwà, ènìyàn yóò sì jẹ́ ẹni tó ni ín: àyà mi ń já, ọkàn mi kò balẹ̀, orí mi ń gbóná. Èyí ni ọ̀nà kìíní, ọ̀nà ohun tó ń ṣe ènìyàn.

Ọ̀nà kejì ni ti ohun tí ènìyàn ń ṣe. Níbẹ̀, a ó gbọ́ mo ń ronú, mo banú jẹ́, mo sorí kọ́. Ẹ̀yà ara ṣì wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ó ti wọ inú ọ̀rọ̀-ìṣe, ènìyàn sì ti di olùwà. Orí tó kọ́, òun ló sọ ọ́ kọ́. Inú tó bàjẹ́, òun ló bà á jẹ́. Ìyàtọ̀ yìí hàn kedere bí a bá lo gbólóhùn àṣẹ. Kò sí ẹni tí í sọ fún ẹni tí orí ń fọ́ pé kó dẹ́kun ẹ̀fọ́rí. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló mọ bí a ti ń sọ fún ẹni tó sorí kọ́ pé: ‘Gbé orí sókè. Má ronú mọ́. Tújú ká.’ Ohun tí a lè pàṣẹ pé kí ènìyàn dẹ́kun ni ohun tí a lè dá a lẹ́bi fún bí kò bá dẹ́kun.

Ọ̀nà kẹta ni ti ohun tí ènìyàn jẹ́: wèrè ni, aṣiwèrè ni, olórí burúkú ni. Nínú gbólóhùn wọ̀nyí, àìsàn kò ṣe ènìyàn mọ́. Ènìyàn ti di àìsàn. Kò sí ẹni tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú gbólóhùn yìí nípa ara rẹ̀ láti wá ìrànlọ́wọ́.

Bí a bá fi ojú yìí wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ní orí òun ń gbóná, a ó rí i pé kì í ṣe àìmọ̀kan ló mú un dárúkọ ara dípò ọkàn. Ó yan ọ̀nà kan ṣoṣo tí ènìyàn fi lè sọ ìnira rẹ̀ láìjẹ̀bi, láìtijú. Yíyàn náà sì ní ewu tirẹ̀, nítorí orí kì í ṣe ẹ̀yà ara lásán. Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá pé orí tí ènìyàn yàn lọ́run ni ìpín rẹ̀ láyé. Nítorí náà, láàrin orí tó ń fọ́, orí tó ń gbóná, orí tó dàrú àti orí tí kò sunwọ̀n, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ ti ìkejì lè máa bẹ̀rù ìkẹta, kí ẹbí rẹ̀ sì ti máa ro ìkẹrin.

Àpẹẹrẹ tó ṣe pàtàkì jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe ‘sú’. Akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ pé ‘ìwé sú mi’. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ‘gbogbo nǹkan sú mi’. Lẹ́yìn náà, ‘ara mi sú mi’. Ní ìkẹyìn, ‘ayé sú mi’. Ọ̀rọ̀-ìṣe kò yí padà, àbọ̀ kò yí padà. Olùwà nìkan ló ń gbòòrò, láti orí ìwé dé orí ayé. Bí a bá túmọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè di gbólóhùn kan náà tí kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ní Yorùbá, ẹni tó mọ etí í gbọ́ gbọ́dọ̀ ti dìde kí olùwà náà tó dé ‘ayé’.

Bí ó bá sì dé ibẹ̀, ìdáhùn tí àwọn àgbà sábà máa ń fọ̀ ni àdúrà: ‘Kò ní sú ọ. Má tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.’ Ìfẹ́ ló mú àdúrà náà wá, ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀, nítorí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í bá àgbà jiyàn lẹ́yìn àdúrà. Òfin pẹ̀lú ń ti ilẹ̀kùn kan náà. Ìpín 327 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn ka ìgbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún 1. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2023, ti rọ́pò òfin àtijọ́ tó pe aláìsàn ní wèrè, ó sì dá ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn mọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè ṣe iṣẹ́ etí.

Ọpọlọ, inú, àti ìfura

‘Ìlera ọpọlọ’ ni rédíò àti ìwé ìròyìn ń lò lónìí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan irú ìnira yìí. Ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀, kò sì sí ìdí láti lé e jáde. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tó ń ṣe. Nínú Yorùbá ojoojúmọ́, ọpọlọ ni ibi làákàyè; ọlọ́pọlọ pípé ni ẹni tó gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá sọ fún pé kó wá fún ìlera ọpọlọ rẹ̀ lè gbọ́ ọ bí ẹni pé a ń ṣiyèméjì sí làákàyè tó fi wọlé ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìrònú gan-an kò sí lọ́dọ̀ ọpọlọ nínú èdè yìí: ronú jẹ́ ro àti inú. Inú ni a fi ń rò, inú ni ó ń dùn, inú ni ó ń bàjẹ́, inú ni ó ń bí ènìyàn, inú kan náà ni ó sì ń run. Ẹni tó béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ‘Báwo ni inú rẹ ṣe rí?’ ti béèrè nípa ikùn, nípa èrò àti nípa ayọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìdí nìyí tí àwọn ètò ìkíyèsí ara tó gbajúmọ̀ ní òkè òkun fi gbọ́dọ̀ yí ìrísí padà bí wọ́n bá dé Adó. Nínú irú ètò tí Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Massachusetts ní ọdún 1979, wọ́n ń kọ́ ènìyàn láti fi ọkàn bá ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó kíyè sí i láìdá a lẹ́jọ́. Ní Yorùbá, kò sí bí a ṣe lè dárúkọ àyà, inú tàbí orí kí orúkọ náà má mú ìmọ̀lára, ìwà tàbí ìpín dání. Èdè yìí sì ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún ìkíyèsí ara. Fura jẹ́ fu àti ara, gẹ́gẹ́ bí ‘ara ń fu mí’ ti fi hàn: ara ló kọ́kọ́ mọ̀ kí ọkàn tó mọ̀. Àwọn àgbà tó ní ìfura loògùn àgbà ti sọ pé ẹni tó bá gbọ́ràn sí ara rẹ̀ lẹ́nu yóò tètè yẹra fún ewu. Ọ̀rọ̀ yìí ni olùgbaninímọ̀ràn lè fi bẹ̀rẹ̀: ‘Ìgbà wo ni ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í fu ọ́?’

Ìwé ìbéèrè àti ohun tí kò gbọ́

PHQ-9 jẹ́ ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń wá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 sí 3, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì ju 27 lọ. Ní ọdún 2006, Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà, wọ́n sì fi hàn pé ó wúlò fún wọn. Kò sí ìdí láti tako àbájáde yìí. Ṣùgbọ́n kíka iye àwọn tó ní ìnira yàtọ̀ sí gbígbọ́ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ, iṣẹ́ kejì sì ni olùgbaninímọ̀ràn jókòó fún.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú títúmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni atúmọ̀ èdè máa ń wá: ìrẹ̀wẹ̀sì, ìsoríkọ́, àìnífẹ̀ẹ́ sí nǹkan. Ọ̀rọ̀-orúkọ ń gé ẹni tí nǹkan ń ṣe kúrò nínú gbólóhùn, kò sì jẹ́ kí a mọ̀ bóyá nǹkan ló ń ṣe é ni tàbí òun ló ń ṣe nǹkan. ‘Ṣé o ní àìnífẹ̀ẹ́ sí nǹkan?’ jẹ́ Yorùbá tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́. ‘Ṣé ohun tó máa ń wù ọ́ tẹ́lẹ̀ kò wù ọ́ mọ́?’ ni ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ lè dáhùn láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Bákan náà, ẹni tí ahọ́n Èkìtì rọ̀ lọ́rùn jù lè pe inú ní unú, kó pe orí ní erí. Ìwé tó bá fẹ́ gbọ́ ọ kò gbọ́dọ̀ mú un lọ́ranyàn pé kó kọ́kọ́ sọ Yorùbá àjùmọ̀lò.

Ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti àwọn dókítà nìkan. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá kò tíì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tán fún ara àti ìnira rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun kọ́ ni iṣẹ́ náà ń béèrè. Àkójọ gbólóhùn tó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn ló ń béèrè, pẹ̀lú àlàyé lórí ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn.

Ẹni tó mọ̀ àti ẹni tó gbà gbọ́

Ilẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀ ti fún àwọn onímọ̀ ní irinṣẹ́ kan tó wúlò níbí. Ní ọdún 1986, Barry Hallen àti J. O. Sodipo tẹ ìwé kan jáde lórí ìjíròrò wọn pẹ̀lú àwọn oníṣègùn agbègbè Èkìtì. Ohun tí àwọn oníṣègùn náà kọ́ wọn ni pé ‘mọ̀’ kò gbòòrò tó bí àwọn onímọ̀ òyìnbó ṣe lò ó. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó mọ̀. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, bó ti wù kí ẹni náà jẹ́ olóòótọ́ tó, ó gbà á gbọ́ ni.

Bí a bá mú ìyàtọ̀ yìí wọ yàrá ìgbaninímọ̀ràn, ipò àwọn méjèèjì tó jókòó yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ ohun tó ń ṣe é. Olùgbaninímọ̀ràn, pẹ̀lú gbogbo ìwé rẹ̀, kò lè ṣe ju kó gbà á gbọ́ lọ. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní orí òun ń gbóná, kò tọ́ kí a yára sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ kí a sọ fún un pé kò sí nǹkan kan nítorí pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò rí ibà. Ibà lè wà, ojú lè nílò awò, oorun lè ti dín kù jù. Kí a wò wọ́n dáadáa, kí a sì tún máa gbọ́ ọ lọ. Ara tó ń ṣàìsàn àti ọkàn tí kò balẹ̀ lè wà nínú ènìyàn kan náà ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà.

Ohun tí àwọn ìyá àgbà Harare fi hàn

Ẹnikẹ́ni lè béèrè bóyá èdè lásán lè tún nǹkan ṣe. Ìdáhùn kan wà ní Zimbabwe, lọ́dọ̀ àwọn Shona tí ìwé DSM mẹ́nu kàn. ‘Kufungisisa’ ni wọ́n ń pe ìrònú àpọ̀jù, ohun tí Yorùbá yóò pè ní àròkàn bó bá wọra. Láti inú irú ọ̀rọ̀ tí àwọn aláìsàn fúnra wọn ń sọ ni àwọn olùwádìí ti ṣe ìwé ìbéèrè Shona kan ní àwọn ọdún 1990, ìbéèrè 14. Dixon Chibanda sì bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Harare ní ọdún 2006, níbi tí àwọn ìyá àgbà tí a ti kọ́ ń jókòó pẹ̀lú ẹni tí nǹkan ń ṣe lórí bẹ́ńṣì nínú ọgbà ilé-ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí lórí ènìyàn 573 jáde ní ọdún 2016, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ńṣì náà yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún Adó-Èkìtì kì í ṣe pé kí a kàn wá àwọn ìyá àgbà. A ní wọn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé wọ́n kọ́ àwọn ìyá àgbà Harare láti gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin kí wọ́n tó fèsì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti inú gbólóhùn tí àwọn ènìyàn ń sọ. Àgbà tí a bá kọ́ láti fi àdúrà rẹ̀ sí ìparí ọ̀rọ̀ dípò ìbẹ̀rẹ̀ yóò ṣe ohun tí fọ́ọ̀mù kò lè ṣe.

Ìkádìí

Lámèyítọ́ yìí ti fi hàn pé Prince gbọ́ ìnira àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣùgbọ́n orúkọ ló fi parí rẹ̀. Ó ti fi hàn pé ìwé ìbéèrè lè kà wọ́n dáadáa láìgbọ́ wọn, àti pé ọ̀rọ̀-orúkọ tí àwọn atúmọ̀ èdè ń wá ń fi ohun tó ṣe kókó sílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta tí Yorùbá fi ń sọ ìnira, ohun tó ń ṣe ènìyàn, ohun tí ènìyàn ń ṣe àti ohun tí ènìyàn jẹ́, ni ó yẹ kí olùgbaninímọ̀ràn kọ́ láti dá mọ̀, kó sì máa kọ gbólóhùn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́ kó tó túmọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò nílò owó púpọ̀. Àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ Yorùbá ní Èkìtì lè bá àwọn ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Adó àti Ìdó-Èkìtì ṣe é pọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ àpilẹ̀kọ ìparí ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀yà ara nínú òwe àti ìfọ̀ lè gbé e jáde kúrò lórí pépà. Wọ́n lè lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí ara bá ń fu wọ́n, kí wọ́n sì tò ó lẹ́sẹẹsẹ, láti ‘ìwé sú mi’ dé ‘ayé sú mi’. Láàrin gbólóhùn méjèèjì yẹn ni àyè ṣì wà láti gba ẹ̀mí là.